Ife mẹ́wàá bẹ́ nínú ìléru mi: iná ló yá jù ni, àbí ooru ló pọ̀ jù?

Ọmọ_Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àkúrẹ́ ni mo wà, lápá Ọ̀bà-Ilé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń mọ ife àti àwo, ṣùgbọ́n ìléru àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń sanwó lò. Oṣù tó kọjá ni mo tó rówó ra ti ara mi, ìléru gáàsì kékeré kan, tòkunbọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kó ife ọgbọ̀n sínú rẹ̀ fún bísìkì, ìyẹn sísun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣáájú gilésì, ohun dídán tí a fi ń bo ara ife. Ife ìgbéyàwó ni, wọ́n ti san àsansílẹ̀. Mo tan bọ́nà méjèèjì láago mẹ́jọ àárọ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, mo gbọ́ "gbàù" kan, mo rò pé ojú títì ni. Òmíràn tún dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá dà bí ẹni ń yan gúgúrú. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, mẹ́wàá ti di àfọ́kù, àfọ́kù wọn sì ti ta ba mẹ́rin mìíràn jẹ́. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn tó yè, mo fọ́ ọ wò: ẹ̀yìn rẹ̀ pupa dáadáa, àárín rẹ̀ dúdú bí èédú.

Aago ìwọ̀n ooru ka 1,000 dígírì nígbà tí mo pa iná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Amọ̀ pupa bèbè Odò Àlà ni mo lò, mo po amọ̀ funfun díẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sá wọn.

Ẹnì kan ní kí n dín ooru kù sí 900. Ẹlòmíràn ní 1,000 ló kéré, kí n gbé e dé 1,060. N kò mọ èyí tí n óò gbà gbọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìléru_Oǹdó

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ife mẹ́rìnlá kì í ṣe nǹkan kékeré, mo mọ bó ṣe ń dun ni. Iṣẹ́ amọ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Oǹdó, mo sì ti ṣí ìléru bá irú ohun tí ẹ rí yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ohun tí ẹ sọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Bíbẹ́ tí ife ń bẹ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kò kan 1,000 rárá. Nígbà yẹn, inú ìléru yín ò tíì lè kọjá 200 tàbí 300. Ì báà jẹ́ 900 lẹ fẹ́ dúró sí, wọn á bẹ́. Ì báà jẹ́ 1,060, wọn á bẹ́. Omi ló bẹ́ wọn.

Amọ̀ tó gbẹ lójú ṣì lómi nínú, pàápàá ní àsìkò òjò bí èyí tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ rin. Tí omi yẹn bá dé 100 dígírì, á di oru, oru náà á sì máa wá àyè tó tó ìlọ́po 1,600 ibi tí omi gbà tẹ́lẹ̀. Tó bá rí ihò wẹ́wẹ́ inú amọ̀ gbà jáde ní pẹ̀lẹ́, kò sí wàhálà. Tí a bá ń lé e lẹ́yìn, á fọ́ ara ife kó lè jáde. Ohun tí ẹ gbọ́ bíi gúgúrú nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin kéré. Nígbà ọyẹ́ ó lè tó, bí ara ife bá fẹ́lẹ́. Nígbà òjò, èmi kì í fún un ní kéré sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí ife ló ń pẹ́ gbẹ jù, àti ibi tí etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù sí yín lára, omi ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó dá mi lójú jù lọ ni òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ mú ife kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìwúwo rẹ̀ ò bá dín mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ dé. Èyí tó bá kù níbẹ̀, iná ló máa lé e jáde, ní 80 sí 90 dígírì, kò gbọdọ̀ dé 100, fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí nǹkan tí ẹ mọ bá nípọn bí ìka méjì, ó lè gba gbogbo òru. Ìléru ẹlẹ́ńtíríìkì lè wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ti gáàsì, ẹ jókòó tì í, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ dúdú inú rẹ̀, mo ń padà bọ̀ lórí ìyẹn. Kíláàsì ń dúró dè mí.

Oníṣẹ́_Àwo

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ohun tí èmi máa fi kún un ni dígí. Ẹ mú dígí kékeré, èyí tí a fi ń wojú, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ihò tí ẹ fi ń yọjú wo inú ìléru, kó jìnnà díẹ̀ kó má bàa sán. Bí ojú rẹ̀ bá bo bí ìgbà tí èèyàn mí sí i, omi ṣì ń jáde. Ẹ má fi kún iná. Bí kò bá bo mọ́, ẹ lè máa lọ. Dígí yẹn ti gba ìléru mi là ju aago lọ.

Ìbéèrè kan: ibo lẹ gbé ìléru náà sí?

Ọmọ_Ọ̀bà-Ilé

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni, lábẹ́ fèrèsé yàrá. Mo máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ooru lè jáde.

Oníṣẹ́_Àwo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Gáàsì tó ń jó nínú ìléru, pàápàá nígbà tí afẹ́fẹ́ ò tó o, ń tú carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Fèrèsé tí ẹ ṣí yẹn ló máa fà á wọlé. Àárín àgbàlá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí páànù bò ó lókè nítorí òjò, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ yíká. Kí sílíńdà jìnnà sí i. Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju ife lọ.

Ọmọ_Ọ̀bà-Ilé

Mo ti gbọ́, mà. Lónìí yìí náà ni a ó gbé e. Ẹ ṣé gan-an. N kò rò ó débẹ̀ rí.

Màmá_Ẹbu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, ohun tí mo ń sọ ló ń kọ. Erúsú-Àkókó ni mo ti ń mọ ìkòkò, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ lòun náà ti gbà á. Àwa ò ní ìléru. Ìta gbangba la ti ń sun ún, igi àti koríko gbígbẹ la fi ń sun ún.

Bí mo ti gbọ́ tí ọmọ yìí kà á fún mi pé ife ń bẹ́, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé: ṣé o po àpáàdì mọ́ amọ̀ rẹ? Amọ̀ odò nìkan, ó rọ̀ lọ́wọ́, ó dùn ún mọ, ṣùgbọ́n ó dì jù. Nígbà tí ìkòkò bá fọ́ lọ́dọ̀ wa, a kì í dà á nù. A ó gún un lódó, a ó kù ú, a ó wá pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Nígbà tí wọ́n bá ń pa á lówe pé àpáàdì ló tó í ko iná lójú, ohun tí a ń fojú rí lójoojúmọ́ ní ẹbu ni. Àpáàdì ti wọ iná rí, ó mọ iná. Ó máa ń la ọ̀nà fún omi láàárín amọ̀.

Ohun kejì, láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ sun ìkòkò, a kì í kàn fi iná sí i. A ó da àwọn ìkòkò dojú dé, a ó fi koríko díẹ̀díẹ̀ mú wọn gbóná, èéfín lásán ni, títí ara wọn á fi gbóná tí ọwọ́ ò fi ní lè gbà á mọ́, tí àwọ̀ wọn á sì yí padà. Ìgbà yẹn la tó ń to igi, tí a ó fi koríko bò ó, tí a ó dáná ràn án. Látìgbà yẹn lọ, kì í pẹ́. Bó bá ti pọ́n bí epo nínú ẹ̀yinná, ó ti tó.

Amọ̀kòkò_Kékeré

Ẹ kúṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUTA. Ohun kan ò yé mi, ẹ má bínú. Ìkòkò tiyín kì í lò tó wákàtí méjì nínú iná, kò sì bẹ́. Wọ́n wá ń sọ fún wa ní kíláàsì pé bísìkì gbọ́dọ̀ gba wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ló fà á? Ṣé ìléru ló ń bẹ̀rù ni?

Ìléru_Oǹdó

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ tún ohun tí Màmá kọ kà, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti lo àkókò. Kì í ṣe pé Màmá yára. Ibi tó yẹ kí èèyàn ti rọra gan-an ni wọ́n ti rọra: láti orí tútù títí omi fi tán. Gbogbo èéfín àárọ̀ yẹn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú wákàtí mẹ́rin tí mo ní kí àbúrò wa lò ní 90 dígírì.

Ìyàtọ̀ tó kù wà nínú amọ̀ àti nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ohun náà ṣe. Amọ̀ Màmá kún fún àpáàdì, ara ìkòkò náà sì dọ́gba láti ìdí dé ẹnu, kò ní etí tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fẹ́lẹ́. Sísun níta gbangba bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 600 sí 900 dígírì. Ìkòkò tó bá jáde níbẹ̀ ṣì ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn, torí orí iná ni yóò padà lọ láti se ọbẹ̀. Ara tó ní àyè nínú ń gba ooru àti òtútù òjijì mọ́ra. Bí a bá sun ún le koko, orí ààrò ni yóò ti là.

Ife gilésì kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní láti jáde láìní èédú nínú, kí ara rẹ̀ mu gilésì bákan náà níbi gbogbo, kó sì tún padà sínú iná lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí tí a fi ń fa àkókò rẹ̀ gùn nìyẹn.

Ọ̀nà méjèèjì kì í sì í bá ara wọn jà. Ladi Kwali tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá tàbí bàbá rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ mímọ ìkòkò bí Màmá ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja báyìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ìkòkò rẹ̀ níbẹ̀, okùn amọ̀ lórí okùn amọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi gilésì bò ó, inú ìléru tí ooru rẹ̀ ga ló sì ń sun ún.

Ó wá ku dúdú inú ife. Amọ̀ bèbè odò kún fún ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Láàárín 300 sí nǹkan bí 900 dígírì ni wọ́n ń jó tán, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń jó. Àbúrò, iná yín sá kọjá ibẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ inú ìléru náà ò tó. Ẹ̀yìn ife rí afẹ́fẹ́, ó pọ́n. Àárín ò rí i, ó di èédú. Bí ẹ bá fi gilésì bò ó báyìí, nígbà tó bá padà wọ iná, èédú yẹn á máa wá ọ̀nà jáde lábẹ́ gilésì tó ti yọ́. Á hó, á sì fi ihò bí ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ káàkiri, tàbí kí ara ife wú bí ibi tí omi gbígbóná ta sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá gilésì lẹ́bi nígbà yẹn, bísìkì ni kò dára.

Àwọn ife yín tó kù, ẹ má dà wọ́n nù. Ara wọn ṣì ní ihò. Ẹ tún wọn sun, kẹ́ ẹ rọra gba àárín 700 sí 900, kí ẹnu èéfín àti ihò ìyọjú ṣí sílẹ̀. Kẹ́ ẹ fọ́ ọ̀kan wò lẹ́yìn rẹ̀.

Adé_Amọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ooru, torí òun ló fa àríyànjiyàn. Èmi ò fara mọ́ 900 o. Kóònù 04 ni mo máa ń gbé bísìkì mi dé, nǹkan bí 1,060. Kóònù ni ohun ṣóńṣó kékeré tí a ń tò sínú ìléru, tó máa ń tẹ̀ bí ooru bá ti tó o. Amọ̀ pupa ọ̀dọ̀ wa ní ìdọ̀tí púpọ̀ nínú, bí a ò bá gbé e sókè dáadáa, gilésì á kún fún ihò.

Oníṣẹ́_Àwo

Kóònù 06 lèmi ń lò, nǹkan bí 1,000, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ. Bí bísìkì bá le jù, kì í mu gilésì. Èèyàn á ri ife bọ gilésì, á fà á yọ, omi gilésì á kàn máa ṣàn sílẹ̀ bí omi lára ewé kókò. Ẹ fi ahọ́n kan bísìkì yín: bó bá fà á mọ́ra, ó ń mu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí mo ti ṣe é rí. Òdo iwájú nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kóònù 06 àti kóònù 6 kì í ṣe nǹkan kan náà. Nígbà tí òdo bá wà níwájú, nọ́ńbà tó pọ̀ jù ni ooru rẹ̀ kéré jù: 08 wà ní nǹkan bí 945, 06 ní nǹkan bí 1,000, 04 ní nǹkan bí 1,060. Bí òdo bá kúrò, ó yí padà, nọ́ńbà ń lọ sókè, ooru ń bá a lọ. Kóònù 6 ju 1,220 lọ. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà sínú ìléru ẹlẹ́ńtíríìkì. Mo tẹ 6. Amọ̀ pupa ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwa mẹ́rin. Nígbà tí a ṣí i, kò sí àwo kankan níbẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ lulẹ̀ lórí pẹpẹ, ó dúdú, ó ń dán. A fi òòlù gbẹ́ pẹpẹ yẹn títí ó fi fọ́. Omijé ni mo fi dé ilé.

Amọ̀kòkò_Kékeré

Kí nìdí tí a fi nílò kóònù bí aago ìwọ̀n ooru bá ti wà?

Oníṣẹ́_Àwo

Aago ń sọ ibi tí ooru dé níbi tí imú rẹ̀ wà, ní ìṣẹ́jú yẹn. Kóònù ń sọ ohun tí ooru ti ṣe, torí ohun tó jọ ara amọ̀ àti gilésì gan-an ni wọ́n fi ṣe é. Ìrẹsì tí a fi iná kékeré sè fún wákàtí kan àti èyí tí a fi iná ńlá sè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, omi ìkòkò méjèèjì hó ní ìwọ̀n kan náà, ṣé ìrẹsì méjèèjì rí bákan náà? Bí iná bá ń sáré, kóònù á pẹ́ kó tó tẹ̀, bí aago tilẹ̀ ti kà 1,000. Bí iná bá ń rọra lọ, á tẹ̀ ṣáájú. Láti ọdún 1886 ni Hermann Seger ti ṣe é jáde ní Jámánì, Edward Orton sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1896. Orúkọ Orton yẹn lẹ máa bá lára páálí tí ẹ bá rà lónìí.

Ẹ to mẹ́ta síwájú ihò ìyọjú: èyí tí ẹ fẹ́, èyí tó rọ̀ jù ú lọ, èyí tó le jù ú lọ.

Ìléru_Oǹdó

Adé àti Àǹtí Oníṣẹ́ Àwo, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, gilésì yín ló yàtọ̀ síra. Àbúrò, ibo ni gilésì yín ti ń yọ́?

Ọmọ_Ọ̀bà-Ilé

Kóònù 05, nǹkan bí 1,030. Ohun tí ẹni tó tà á fún mi sọ nìyẹn, mo sì ti rí i tó yọ́ dáadáa níbẹ̀ nígbà tí mo ń lo ìléru àwọn ẹlòmíràn.

Ìléru_Oǹdó

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní 1,060 ló bá ọ̀rọ̀ tiyín mu nígbà náà. Bí gilésì bá ń yọ́ nísàlẹ̀, bí tiyín, a máa ń sun bísìkì ga jù ú lọ díẹ̀, kí gbogbo ohun tó fẹ́ jáde nínú amọ̀ ti jáde tán kí gilésì tó bò ó. Kóònù 04 fún bísìkì, kóònù 05 fún gilésì. Kẹ́ ẹ ṣáájú dán ife kan ṣoṣo wò, torí amọ̀ odò méjì kì í bá ara wọn dọ́gba, òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kó tó débẹ̀. Àǹtí Oníṣẹ́ Àwo, tí gilésì tirẹ̀ ń yọ́ ní kóònù 6, ò nílò 04. Ara àwo rẹ̀ ṣì máa padà lọ sókè gan-an, ohun tó fẹ́ ni bísìkì tó ń mu gilésì dáadáa, 06 sì tó o. Ẹ má dúró sí 900 o. Ife á mu gilésì ní àmujù, á nípọn jù, á sì máa fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń gbé e.

Bí mo ṣe máa sun ti yín rèé, ká ní èmi ni mo ní in. Láago mẹ́fà àárọ̀, bọ́nà kan ṣoṣo, iná tó kéré jù, kí ìdérí ṣí sílẹ̀ díẹ̀. 80 sí 90 dígírì títí dígí Àǹtí ò fi ní bo mọ́, ẹ ka wákàtí mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, 60 dígírì ní wákàtí kan títí dé 200. Ẹ wá dé e, ẹ tan bọ́nà kejì, kẹ́ ẹ máa fi 100 kún un ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí dé 600.

Ẹ má ju 100 ní wákàtí kan yẹn lọ, torí nǹkan méjì ń ṣẹlẹ̀ kí ooru tó kọjá 600. Láti nǹkan bí 450 sí 600 ni omi kejì ń jáde, èyí tó jẹ́ ara amọ̀ gan-an, tí sísá lóòrùn ò lè mú kúrò láéláé. Nínú amọ̀ funfun tó mọ́, omi yìí tó nǹkan bí 14 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Tó bá ti jáde tán, amọ̀ ò lè padà di ẹrẹ̀ mọ́. Ẹ rì í sódò lọ́dún kan, kò ní tú. Ìkejì ni yanrìn. Àwọn òkúta ńláńlá tó yí Àkúrẹ́ àti Ìdànrè ká, bí wọ́n ti ń rà láti ayébáyé ni yanrìn funfun tó ń dán ń bọ́ lára wọn wọ inú amọ̀ wa. Yanrìn yẹn máa ń wú lójijì ní 573 dígírì. Bó bá ń tutù bọ̀, á tún sún kì ní 573 kan náà. Bí apá kan ife bá ti kọjá ibẹ̀ tí apá kejì ò tíì dé e, ife á là.

Láti 600 lọ sókè, ó lè yá sí i, 120 sí 150 ní wákàtí. Ṣùgbọ́n nítorí ewé inú amọ̀ Àlà, ẹ dá iná dúró ní nǹkan bí 850 fún wákàtí kan, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé dáadáa. Iná bọ́nà kò gbọdọ̀ pọ́n, kò sì gbọdọ̀ máa yọ ahọ́n jáde ní ẹnu èéfín. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ò tó o. Lẹ́yìn náà, 100 ní wákàtí kan títí kóònù 04 á fi tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á súnmọ́ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kẹ́ ẹ wá pa á, kẹ́ ẹ dí gbogbo ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Èyí le fún gbogbo wa, mo mọ̀. Ojú máa ń kán wa láti rí i. Ẹ má ṣí i títí yóò fi wá sísàlẹ̀ 100.

Iná_Ò_Sí_Aláàgbàká

Ẹ̀gbọ́n, ìléru ẹlẹ́ńtíríìkì ni tèmi. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo ni ìná ìjọba fẹ́ fún mi? Bí wọ́n bá mú un lọ ní àárín ńkọ́?

Ìléru_Oǹdó

Ti bísìkì ò ní wàhálà. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ìdérí, ẹ jẹ́ kó máa tutù fúnra rẹ̀. Bó bá padà dé, ẹ tẹ̀síwájú láti ibi tí ooru wà, ní ìwọ̀n tó yẹ ibẹ̀. Bó ti tutù pátápátá lẹ kàn ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, omi inú rẹ̀ á sì ti dín kù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ ẹni tó sun bísìkì kan fún ọjọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ó jáde dáadáa. Gilésì ni irú èyí ń bà jẹ́.

Adé_Amọ̀

Nípa títo: ife bísìkì lè fara kan ara wọn, kò sí gilésì tó máa lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ lè da ẹnu ife dé ẹnu ife. Ẹ kàn má ki ọ̀kan bọ inú èkejì kó há.

Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún POP. Bí ẹ bá ń fi mọ́ọ̀dù POP ṣiṣẹ́, tí èérún rẹ̀ bọ́ sínú amọ̀, bísìkì á jáde láìlábàwọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á mu ọ̀rinrin, á wú, á sì ṣí èèpá kúrò lára ife.

Ọmọ_Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A ti gbé ìléru sí àárín àgbàlá. Mo gún ife tó fọ́ lódó bí Màmá ṣe wí, mo kù ú, mo sì po ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n mẹ́sàn-án amọ̀ láti mọ mẹ́rìndínlógún tuntun. Mo sá wọn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mo ń wọ̀n ọ̀kan láràárọ̀, ọjọ́ kẹtàlá ni ìwúwo rẹ̀ dúró. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, mo rí i nínú ìwé tí mo kọ pé omi ṣì pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Mo kó wọn sínú ìléru pẹ̀lú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù láti ìjọ́sí. Dígí bo títí di aago mọ́kànlá. Wákàtí márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin! Mo jókòó tì í pẹ̀lú àbúrò mi, n kò gbọ́ ìró kankan. Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí kóònù 04 tó tẹ̀. 05 ti dùbúlẹ̀, 03 dúró gbọnrangandan. Aago ka 1,048 nígbà náà, ìyẹn ni pé aago mi àti kóònù ò tíì fẹnu kò, mo sì ti kọ ọ́ sí ara ìléru kí n má bàa gbàgbé.

Kò sí èyí tó bẹ́. Mo fọ́ ọ̀kan nínú ti àtijọ́ wò, ó pọ́n láti ẹ̀yìn dé inú, àmì eérú fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù ní ìdí rẹ̀. Ìkan péré ló là nínú ti tuntun, níbi tí etí ti pàdé ara. Mo dán gilésì wò lára méjì, ó mu ún, ó sì jáde láìní ihò. Wọ́n á gba ife ọgbọ̀n wọn ku díẹ̀, mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní kò burú.

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Màmá, ẹ ṣé gidigidi.

Màmá_Ẹbu

Ọlọ́run á túbọ̀ fún ọ lọ́gbọ́n, ọmọ mi. O ṣeun tí o padà wá sọ fún wa. Èyí tó là yẹn, etí ti gbẹ ju ara lọ nígbà tí o fi lẹ̀ ẹ́. Bó bá di ìgbà mìíràn, kó ara àti etí sábẹ́ ọ̀rá kan náà kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀, kí ọ̀rinrin wọn dọ́gba. Ìgbà náà ni kí o tó ha ojú méjèèjì, kí o fi ẹrẹ̀ amọ̀ kan náà lẹ̀ wọ́n. Àpáàdì tí o gún ńkọ́, asẹ́ wo lo fi kù ú? Bó bá ti ń ha ọ lọ́wọ́ nígbà tí o ń mọ ọ́n, ó ti ńlá jù fún ife.